Bí Ilé Ọmọwùmí Ṣe Gba Orúkọ Rẹ̀

Ìyá tó bí mi ló kọ́kọ́ sọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí fún mi. Ìyókù, ojú mi ló ṣe. Lánàá tí mo ń kọjá lọ́jà Òkìtìpupa, èéfín púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí à ń yan lórí iná, gbá mi nímú, mo sì rántí Màmá Ọmọwùmí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Màmá kò bímọ. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ọmọ la fi ń pe abiyamọ. Orúkọ tirẹ̀ gan-an, Ọmọwùmí, la fi ń pe Màmá, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá kú, orúkọ náà yóò bá òun wọlẹ̀ ni. Nígbà tí yunifásítì wá tọrọ ilẹ̀ tí ahéré púpurú rẹ̀ wà, kí wọ́n fi kọ́lé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣáà fi orúkọ mi pe ilé náà." Wọ́n gbà.

Ọjọ́ tílé parí, ó fà mí lọ́wọ́ débẹ̀, ó nawọ́ sí àkọlé ara ògiri.

"Kà á fún mi."

"'Ilé Kejì' ni wọ́n kọ, Màmá."

"Kà á dáadáa."

Mo tún un kà. Ọ̀gá yunifásítì tó ṣèlérí ti lọ síbòmíràn.

Mo rò pé yóò sunkún. Rárá o. Ẹnu ọ̀nà ilé náà ló gbé ààrò kalẹ̀ sí, ó fi igi ṣe àjà lé iná lórí, ó to púpurú rògòdò-rògòdò sí i. Òórùn rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ebi ń lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde.

"Ilé wo lò ń gbé?" ni Màmá máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà.

"Ilé Kejì, mà."

"N ò mọbẹ̀. Ẹni tó kàn!"

Ọmọkùnrin gàgàrà kan láti Ìbàdàn jiyàn títí, ó fi ìwé yunifásítì hàn án. Màmá ní, "Ó dáa, máa jẹ ìwé rẹ." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun ló ń kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ pè é ní Ilé Ọmọwùmí, kẹ́ ẹ lè jẹun!" Láti ẹnu wọn lorúkọ náà ti bọ́ sẹ́nu ọlọ́kadà, ó sì dé ìlú Ìrẹ̀lẹ̀.

Màmá ti lọ sinmi. Ààrò ti tutù. Búrẹ́dì làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń mú ọmọbìnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ó fi ìwé rẹ̀ han ọlọ́kadà. Ìyẹn mi orí: "Ilé Kejì? Mi ò gbọ́ ọ rí o, àǹtí."

Mo ní, "Ilé Ọmọwùmí ni."

"Ẹ̀hẹ́n! Ẹ gùn ún, dádì."

Lójoojúmọ́, àìmọye ọmọ ló ń pe orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó délé. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ta ni yóò tún pe obìnrin náà ní àgàn?