Ìró Tí Mo Tú ní Ìgòlò

Ọmọ ọmọ mi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kí o máa kọ ọ́. Má rẹ́rìn-ín ṣáájú mi.

Nígbà náà, gbogbo àwa tí à ń ra ànkárá ní Ìdìróko la mọ̀ pé wọn kì í gba owó ibodè lórí aṣọ tó bá ti wà lára èèyàn. Mo ró ìró lé ìró títí mo fi rí bí àgbá epo. Ìwọ ni mo pọ̀n. Mo tún fi aṣọ tuntun tó ṣẹ́ kù bò ọ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi. Oòrùn ọ̀sán mú ganrín-ganrín. O sunkún, o sunkún, ká tó dé ibodè ní Ìgòlò, o ti dákẹ́. Mo ní, "Ọmọ dáadáa! Ó mọ̀ pé ọjà la gbé."

Obìnrin kan tó ń ta omi tútù ló wo ẹ̀yìn mi.

"Ìyá, ọmọ yìí ò sùn o! Ọrùn rẹ̀ ti rọ bí ewé tí oòrùn pa!"

Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ. Ó gbóná bí agbada tí a fi ń yan gàrí, kò sì sí òógùn kankan. Ojú rẹ ń yí. Mo gbàgbé pé aṣọ́bodè dúró níwájú mi. Mo gbé ọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo bọ́ ohun gbogbo lára rẹ. Bí mo ṣe fẹ́ da omi sí ọ lẹ́nu, olómi gbá mi lọ́wọ́.

"Ẹnu kọ́! Ọmọ tí ò mọ ara rẹ̀ kì í mu omi! Ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí!"

Mo tú ìró kan, a rì í sómi, a fi nù ọ́. Kíá, ìró náà ti gbóná. Mo tú òmíràn. Mo tún tú òmíràn.

Aṣọ́bodè la ẹnu sílẹ̀, Faransé bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bọ́n! Ìyá, ṣé èèyàn ni yín àbí àlùbọ́sà?"

"Ẹ yé sọ̀rọ̀, ẹ fẹ́ ọmọ!"

Ó ṣí fìlà ìjọba, ó ń fi fẹ́ ọ. Nígbà tó yá, o figbe ta. Ẹkún tí mo ti ń bẹ̀ pé kí o dákẹ́ láti àárọ̀, ó wá dùn létí mi bí oyin. Ojú rẹ là, a fún ọ lómi díẹ̀díẹ̀.

Aṣọ́bodè ní ká yára gbé ọ lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n aṣọ á dúró dè mí lọ́dọ̀ ìjọba. Ó kó ìró mi lé apá kan, ó fi apá kejì gbé ọ lọ sórí alùpùpù. Ibẹ̀ lo ti tọ̀. O tọ̀ sí i láyà, o tọ̀ sórí ànkárá.

Ó wo aṣọ, ó wò ọ́. "Ìyá, ẹ máa kó wọn lọ. Èyí kì í ṣe ọjà mọ́."

Nílé ìwòsàn, dókítà bi mí pé, "Ìyá, ṣé ọmọ ti tọ̀ lónìí?"

Mo ní, "Ẹ lọ bi aṣọ́bodè."