Pátákó Tó Ń Rẹ́rìn-ín ní Agric

Tí ẹ bá dé ibùdókọ̀ Agric lónìí, ẹ gbójú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ń tò sí, ẹ ó rí ọ̀rẹ́ mi Kúlúsúmù níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Gèlè rẹ̀ dúró dáadáa, wọ́n sì wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: "Èmi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ìwọ ńkọ́?" Èmi ni mo rán bùbá tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti bà á jẹ́.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí Kúlú sí, nílé ẹlẹ́ja. Ọkọ ló gbé e wá sí Ìgbògbò, inú ọgbà kan náà la sì jọ ń gbé láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà lẹ́yìn wa. Èmi Wàsílátù ń rán aṣọ, òun ń ta ẹja yíyan. Ẹnu rẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo sẹ́ńtà ìlera àdúgbò máa wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó yọjú. Ṣé ẹ mọ̀ wá! Àwọn kan tiẹ̀ ní ẹ̀rọ yẹn gan-an ló ń kó ẹ̀jẹ̀ ríru ran èèyàn. Kúlú ni Nọ́ọ̀sì Jọláolúwa wá bẹ̀ pé kó bá òun kó àwọn ìyá wá, torí ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà ń ru, ó sì ti ń lo oògùn. Kò kọ̀. Ilé dé ilé ló fi ń fà wá jáde.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ wa ní sẹ́ńtà. Tí a bá ti jókòó tán sórí bẹ́ńṣì, Kúlú á bọ́ síwájú, á dá orin, àwa á máa gbè é, a ó máa pàtẹ́wọ́:

"Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn
Kó tó wọlé;
Ìyá, lo oògùn rẹ
Kóo tó jáde nílé."

Tí orin bá parí, òun ló máa kọ́kọ́ na apá lójú gbogbo wa, kí àwọn tí ojo ń mú lè rí i pé kò dunni. Nọ́ọ̀sì á wo ojú ẹ̀rọ, á kígbe pé, "Ó dára!" A ó tún pàtẹ́wọ́. Ó ń dùn mọ́ ọn, n kò ní purọ́. Ó ń dùn mọ́ èmi náà.

Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n gbé e sókè ní Agric. Láti ọjọ́ náà ni Kúlú ò ti ní ìsinmi mọ́. Tó bá ra iyọ̀, ẹnì kan á wí lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ìyá Pátákó, iyọ̀ kẹ̀?" Tó bá jókòó torí ó rẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ṣé kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ti ń ru. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ á máa kígbe sí i pé, "Èmi ń lo oògùn mi o!" Òun náà á rẹ́rìn-ín bíi ti pátákó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn tó ti bàjẹ́ tán. Oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ tán ní sẹ́ńtà, wọ́n sì fún òun àti àwọn yòókù ní irú mìíràn. Irú mìíràn yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú u lẹ́sẹ̀, títí bàtà ò fi wọ̀ ọ́ mọ́. Ó wá ń ró ìró tó ń wọ́lẹ̀, ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn. Èmi tún ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Kúlú, ṣé Mẹ́kà lò ń lọ ni àbí sẹ́ńtà?"

Ó kúkú lọ bá nọ́ọ̀sì láti sọ ọ́. Àmọ́ kó tó la ẹnu, nọ́ọ̀sì ti dì mọ́ ọn. "Màmá, ẹ ṣeun gan-an o! Ìtorí yín lèrò fi ń kún ibí. Àwọn ọ̀gá wa ní àwọn máa gbé pátákó yín lọ sí Ẹ̀pẹ́ náà." Ẹ̀pẹ́, ilé bàbá rẹ̀! Níbo ló fẹ́ gbójú sí? Ó rò ó pé tí òun bá sọ pé oògùn ń wú òun lẹ́sẹ̀, gbogbo obìnrin tí òun fà wá á da tiwọn nù, tí ẹnì kan bá sì kú, ọrùn òun ló wà. Ó gbé ọ̀rọ̀ mì, ó kí nọ́ọ̀sì, ó lọ sílé.

Kí ló wá ṣe? Ọgbọ́n àgbọ́njù ni o. Ó pa oògùn tì. Tí Ọjọ́rú bá ti ń sún mọ́lé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kí ẹ̀rọ má baà tú u fó. Ẹ̀rọ ò sì tú u fó. "Ó dára!" Àwa dìndìnrìn tún ń pàtẹ́wọ́. Ó ní gbogbo ìgbà tí a bá pàtẹ́wọ́ yẹn, ńṣe ló máa ń dà bí ìgbà tí a ń kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn tí òun ì bá gbà jáde.

Àwọn àgbà ní ikú yá j'ẹ̀sín. Wọn ò sọ ikú ta ni.

Hàbíbàt aláta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Kúlú lọ́jà. Kúlú ló mú un wá sí sẹ́ńtà, oògùn kan náà ni wọ́n sì ń lò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Hàbíbàt tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kúlú, jọ̀ọ́, ṣé oògùn yìí kì í wú ẹ lẹ́sẹ̀ ni?"

Oníbàárà kan dúró síbẹ̀ tó ń ná ẹja, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Kúlú ní Ìyá Pátákó tán ni. Kúlú fa ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. "Rárá o," ó ní. "Ara tèmi gbà á."

Hàbíbàt mí kanlẹ̀. "Á jẹ́ pé tèmi ló yàtọ̀ nìyẹn."

Ó délé, ó pa oògùn tì, ó gbé àgbo kaná. Ẹsẹ̀ tó wú rọlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò pẹ́ sígbà náà ló ń da ata sínú apẹ̀rẹ̀ tó ṣubú lulẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Ẹnu wọ́, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú mọ́ ọn lára. Kúlú sunkún débi pé àwa la tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. A rò pé ìfẹ́ ọ̀rẹ́ lásán ni.

Nígbà tí ara Hàbíbàt mókun díẹ̀, Toyyibah ọmọ rẹ̀ gbé e wá sí sẹ́ńtà lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó gbé e ti ògiri. Kúlú dá orin bó ṣe máa ń ṣe. Hàbíbàt ò lè pàtẹ́wọ́. Ó ń fi ọwọ́ òsì gbá itan ara rẹ̀, ó ń bá wa gbè é bó ṣe mọ. Ohùn Kúlú já. Ó tún un mú, ó tún já.

"Màmá, ó yá, ẹ wá na apá," ni nọ́ọ̀sì wí.

Kúlú ò na apá. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún. Yéè! Ẹsẹ̀ náà ń dán.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́," ó ní. "Irọ́ ni mò ń pa fún yín. Oògùn yìí ń wú mi lẹ́sẹ̀, mo ti pa á tì. Torí ojú yín nìkan ni mo ṣe ń lò ó tí Ọjọ́rú bá ti ń sún mọ́lé."

Ìyá àgbà kan níwájú wá ká ìró tiẹ̀ náà sókè. Ẹni tó tẹ̀ lé e ká tiẹ̀. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: ẹsẹ̀ wíwú kún sẹ́ńtà, kálukú sì rò pé òun nìkan ni.

Nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ò ṣe sọ? Dókítà á kàn pààrọ̀ ẹ̀ ni!"

Á kàn pààrọ̀ ẹ̀ ni! Inú Kúlú bí mi, inú nọ́ọ̀sì tó ń dúpẹ́ kó tó béèrè àlàáfíà bí mi, inú ọwọ́ ara mi tí mo fi ń pàtẹ́wọ́ pàápàá bí mi.

Hàbíbàt ń wá ọ̀rọ̀ láti ibi ògiri. Ó pẹ́ kó tó rí i.

"Mo... bi ẹ́," ó ní.

Kúlú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n ti pààrọ̀ oògùn fún gbogbo wọn. Kúlú bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ pátákó kalẹ̀, wọ́n ní àṣẹ gbọ́dọ̀ ti òkè wá ná. Ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Kúlú kì í gba Agric mọ́. Tó bá ń lọ gbé ẹja, inú àdúgbò ni ọlọ́kadà máa ń gbé e gbà.

Kó tó lọ sọ́jà láàárọ̀, á kọ́kọ́ lọ sílé Hàbíbàt, á wẹ̀ ẹ́, á fún un lóògùn. Hàbíbàt ò ní gbé tiẹ̀ mì àfi tí Kúlú bá kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ mì. Ìyẹn gan-an ò tíì tó o. Hàbíbàt á na ọwọ́ òsì sí i lẹ́nu, Kúlú á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á la ẹnu gbàgà, á gbé ahọ́n sókè, Hàbíbàt á sì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.