Ọjọ́ Tí Ẹ́ńjìnnì Dákẹ́ Lókè Ugbonla

Bí mo bá ti gbóòórùn edé tí wọ́n sá sí oòrùn, pàápàá tí òórùn pẹtiróòlù bá dà pọ̀ mọ́ ọn, etí òkun Ugbonla ni ọkàn mi máa ń lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà, tíṣà ilé ìwé ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ akọ̀wé sọ́dọ̀ àwọn tó ń wa epo rọ̀bì. Wọ́n ní kí n wọ bàlúù kékeré kan láti Èkó lọ sí Wàrí, èmi àti páílọ́ọ̀tì nìkan, pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lẹ́yìn wa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni páílọ́ọ̀tì náà, àgbàlagbà tó fẹ́ràn àwàdà. Bó ṣe rí i pé mo dijú tí mò ń gbàdúrà, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi gba tèmi mọ́ ọn o. Ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀."

Etí òkun la ń tọ̀ lọ. Lápá òsì, igbó inú omi àti àwọn odò tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Lápá ọ̀tún, òkun lásán. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dákẹ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ lè wúwo tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń súfèé lára ìyẹ́ bàlúù. Páílọ́ọ̀tì ń tẹ èyí, ó ń yí tọ̀hún, kò sí èyí tó dá a lóhùn. Ó ní, "Yanrìn etí òkun yẹn nìkan ló kù fún wa láti balẹ̀ sí."

Ṣùgbọ́n yanrìn ọ̀hún kún: ọkọ̀ àwọn apẹja, àwọ̀n, ẹní tí wọ́n sá edé sí, àti ènìyàn. Gbogbo àdúrà gígùn tí mo mọ̀ láti kékeré sá kúrò lẹ́nu mi. "Jésù, dá àwọn ènìyàn yẹn sí," ni mo rí sọ. Mo rí wọn tí wọ́n ń sáré, mo rò pé wọ́n ń sá fún wa ni. Ìgbà tí a sún mọ́lẹ̀ ni mo rí i pé wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ kúrò lọ́nà, wọ́n ń ká àwọ̀n, àwọn obìnrin ń fa ẹní edé. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn sá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi ìyá kan tó dúró tó ń fi ìborùn funfun rẹ̀ júwe ìhà omi fún wa, níbi tí yanrìn ti tutù tó sì le. Páílọ́ọ̀tì tẹ̀ lé ìborùn náà. Taya balẹ̀, ó ta, ó tún balẹ̀, ìyẹ́ kan wọnú ìgbì, a sì dúró.

Àwọn ọkùnrin fà wá jáde. Apẹja kan ní, "Ó jọ pé omi ló wọ epo yín. Bó ṣe máa ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa náà nìyẹn." Páílọ́ọ̀tì jókòó sórí yanrìn, ó ń sunkún, kò sì bojú.

Mo bi ìyá oníborùn léèrè bí wọ́n ṣe tètè mọ̀, nígbà tí a ṣì wà lókè réré.

"Ọma mi, à ń gbọ́ yín lójoojúmọ́, a kì í gbójú sókè. Ìgbà tí a ò gbọ́ yín mọ́ la dìde. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ lójú òkun, ẹni tó wà létí omi níhìn-ín kì í jókòó. Ṣé torí pé tiyín wà lókè la ó ṣe jókòó?" Ó gbọn yanrìn kúrò lára edé kan. "Ẹ kàn ti ba edé mi jẹ́ ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá wo òkun. "Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ mi dákẹ́ lójú òkun, atẹ́gùn ni kò jẹ́ ká gbọ́."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo fi orí kan yanrìn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi etí sáyé.

Mo ti di àgbà ìjọ báyìí. Àwọn tó ń ké sókè lákòókò àdúrà kì í dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì tí n kò gbọ́ ohùn ẹni tí mo máa ń gbọ́, bí a bá ti ṣoore-ọ̀fẹ́ tán, ilé ẹni náà ni mo máa ń gbà lọ.