Ehoro Mẹ́ta Láti Abẹ́òkúta dé Yábàá

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi ní Ìwáyà. Òórùn ẹja yíyan ti gba àdúgbò. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ dágbére fún. Ọkọ mi ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún tó kọjá, ó ní òun á ránṣẹ́ pè mí tí òun bá rí iṣẹ́ gidi. Mo gbé agbọ̀n mẹ́ta onídèérí, mo wọ rélùwéè ní Yábàá, ó di Abẹ́òkúta.

Abo ehoro ni mo ń lọ rà. Iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì dá lórí bí ẹyin ṣe ń jáde nínú abo ẹran kéékèèké. Àwa obìnrin, oṣooṣù ni ẹyin tiwa ń jáde, ọkọ wà nílé o, kò sí nílé o. Ti ehoro kò rí bẹ́ẹ̀. Àfi bí akọ bá gùn ún ni ọpọlọ rẹ̀ yóò tó rán họ́mónù, ìyẹn oje ara tó máa ń jíṣẹ́ láti ẹ̀yà kan dé òmíràn, sínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹyin á jáde. Abo tó ti ń dá gbé tipẹ́ ni mo nílò, kí n lè fi abẹ́rẹ́ fún un ní họ́mónù náà fúnra mi.

Ní Abẹ́òkúta, àwọn èèyàn ń kí àlejò lójú ọ̀nà, ohun tí kò wọ́pọ̀ ní Yábàá. Bàbá tó ń sin ehoro fún mi ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí ó tó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

“Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo tọ́ wọn, bí o ṣe bẹ̀ mí. Má jẹ́ kí wọ́n pàdé o.”

Nígbà tí mo ń bọ̀ nínú rélùwéè, ìyá àgbà kan tó ń lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó jókòó tì mí. Ọkọ̀ dúró pẹ́ ní Ifọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ṣọ́ ẹrù, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ọsàn. Ìgbà tí mo padà, agbọ̀n kan ti ṣófo.

“Mà, ehoro inú èyí ńkọ́?”

“Mo ti gbé e mọ́ èkejì. Ó ń gbọ̀n, ọmọ mi, àánú ẹ̀ ṣe mí.”

Mo ṣí ìdérí. Ọ̀kan ti gun èkejì lẹ́yìn. Bí abo bá gun abo, ara èyí tí wọ́n gùn kì í mọ ìyàtọ̀. Ọpọlọ á ránṣẹ́, ẹyin á jáde, inú rẹ̀ á sì máa múra de ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Oyún èké là ń pè é.

“Mà, ẹ ti bà á jẹ́ fún mi!” Gbogbo èèyàn yíjú sí wa. Mo ṣàlàyé fún un.

“Ṣé o wá fẹ́ kó máa dá gbé títí ni?”

“Fún ìgbà díẹ̀ ni, mà.”

Ó wò mí. “Ìwọ ńkọ́, ta ni ń bá ẹ gbé?”

Mo fẹ́ dáhùn, ẹkún ló jáde. Ó fa orí mi mọ́ èjìká rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn mí báyẹn láti ọjọ́ tí mo ti sin ọkọ mi dé pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ má bi mí ní ohun tó wà lójú ọ̀nà láti Agége dé Mùṣín. N kò rí i.

Mùṣín ló ti sọ̀. Mo gbé ẹrù rẹ̀ rù ú, n kò sì rántí bèèrè orúkọ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì tó pàdé lè ti gun ara wọn, nítorí náà ẹyọ ehoro kan péré ló kù tí mo lè lò. Iṣẹ́ náà sì falẹ̀ títí tí mo fi rí àwọn mìíràn. Ohun tí mo kó bọ̀ láti ìrìn àjò yẹn ni pé ara kì í dúró gba ẹ̀rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó lé, mo bá èyí tí wọ́n gùn níbi tó ti ń fa irun àyà rẹ̀ tu, tó ń tẹ́ ẹ sí igun àgò, tó fi ń ṣe ìtẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n kó irun náà dànù kí àgò lè mọ́.

Mo ní mo ti gbọ́, sà. N kò kó o.