Orin tí mo ká lé ohùn ìyá mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rédíò báyìí ni.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló ń ka ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú orin ní irú ọjọ́ òní. Ó dé orí olórin jùjú kan tó kú ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ló bá gbé orin rẹ̀ sí i.

Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, kí ló dé? Orin yẹn dùn o!"

Mo ní, "Ó dùn mọ́ èmi náà lọ́jọ́ yẹn."

Ìlọ́fà la wà lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kú. Orin rẹ̀ ni rédíò ń gbé látàárọ̀, mi ò sì ní kásẹ́ẹ̀tì tó ṣófo tí mo lè fi ká a. Mo mú ọ̀kan nínú àpótí bàbá mi, mo rò pé ìwàásù ni. Wọ́n ti ṣẹ́ ike kékeré méjì orí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ká nǹkan lé e. Mo rún bébà, mo fi dí ihò méjèèjì, mo sì ká orin náà lé e lójú méjèèjì.

Ohùn màmá mi ló wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dá orin ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìdòfin, ọdún tó ṣáájú ikú wọn.

Bàbá ò nà mí. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n gbọ́ ojú méjèèjì tán, bóyá ó ṣẹ́ kù díẹ̀ níbì kan.

Ẹ̀yin ará Ìdòfin tẹ́ ẹ gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wá ká ìkórè ọdún náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá kásẹ́ẹ̀tì náà nínú ẹrù yín. Màmá mi ni obìnrin tó ń dá orin. Mi ò rántí bí ohùn wọn ṣe rí mọ́.