Káàdì Abẹ́rẹ́ Màmá Mi

Títí dòní, bí òórùn sípírítì bá ti ta sí mi nímú, apá òsì màmá mi ni mo máa ń rántí.

Tíṣà ni wọ́n nílé ẹ̀kọ́ wa l'Ókè-Ṣopẹ́n. Nígbà tí àrùn ń jà, ọ̀gá àgbà ní akẹ́kọ̀ọ́ tàbí tíṣà tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ bà mí, mo bú sẹ́kún.

Màmá ní, "Lọ gbà á, ọmọ mi. Èmi náà á gbà á lẹ́yìn ẹ."

Mo gbà á. Mo wá yọjú lójú fèrèsé yàrá nọ́ọ̀sì kí n lè wo tiwọn. Nọ́ọ̀sì fi sípírítì nu apá òsì wọn, ó tú oògùn inú abẹ́rẹ́ dà sórí òwú, ó sì kọ orúkọ Màmá sínú káàdì.

Nírọ̀lẹ́, apá mi wú. Màmá náà di apá òsì wọn mú lójú àwọn aládùúgbò, wọ́n ń kérora. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló bà wọ́n.

Màmá ní kí n gbé omi gbígbóná wá. Mo rẹ táwẹ̀lì sínú ẹ̀, mo sì fi ọwọ́ tó ń ro mí gbé e jó apá Màmá tí abẹ́rẹ́ kò kàn.