Bí Mo Ṣe Dá Háwáù Padà Fún Ìyá Rẹ̀

Ọjọ́ tí Sákírá ti Àbíjàn dé, abẹ́ tábìlì ni ọmọ rẹ̀ sá sí.

Àárọ̀ ni. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà débi pé a ò rí ògiri ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà. Mò ń fi òrí pa ètè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bí ètè ọmọdé bá ti sán nígbà ọyẹ́, ẹ̀rín gan-an á máa dùn ún. Ni obìnrin kan bá wọlé pẹ̀lú àǹkárá tuntun lọ́rùn, ó gbé ọmọláńgidi onírun pupa kan dání.

Ó ní, "Háwáù, èmi nìyí o. Èmi ìyá rẹ nìyí."

Háwáù wo ọmọláńgidi náà, ó wo obìnrin náà, ó sì rá wọ abẹ́ tábìlì mi lọ. Ó di etí ìró mi mú.

"Àǹtí, ẹ ní kó máa lọ."

Àwọn ọmọ yòókù yíjú sí wa. Ọmọdé kì í mọ ohun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Sákírá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọláńgidi lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe kó tó di pé mo bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Rálíátù ni wọ́n sọ mí. Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Ṣakí níbí títí irun mi fi funfun. Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ orúkọ yẹn: ẹ kó ọmọ jáde kí ilé lè rí ìsinmi. Ilé tèmi ò nílò kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ jáde níbẹ̀. Ọkọ mi, Múfútáù, lọ sí Àbíjàn nígbà tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n so yìgì wa. Ó ní bí òun bá ti ríbi jókòó, òun yóò wá mú mi. Ó kọ́kọ́ ń ránṣẹ́. Nígbà tó yá, ìránṣẹ́ ń jìnnà síra. Nígbà tó tún yá, kò sí mọ́. A ò bímọ kó tó lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá fi ìgbálẹ̀ sí igun kan láàárọ̀, igun yẹn gan-an ni n óò ti bá a nírọ̀lẹ́.

Ìdí nìyí tí ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ fi máa ń bà mí lẹ́rù. Àwọn olùkọ́ yòókù á máa retí rẹ̀, àyà tèmi á máa já. Ṣùgbọ́n ìsinmi ìgbà ọyẹ́ ò rọrùn fún àwọn òbí náà. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń wa iṣu, tí wọ́n ń bẹ́ ọkà bàbà lóko, tí àwọn tó ń tajà sì ń ná ọjà Ìwéré-Ilé àti tàwọn ìlú tó yí wa ká. Ọmọ tí kò tíì lè rìn dé oko, ilé ni wọ́n ń fi í sí, nídìí iná tí àwọn àgbà ti yá láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ kan jóná lápá ní àdúgbò wa, ni obìnrin tó ni ilé ẹ̀kọ́ bá pè wá jọ, ó bi wá ta ló lè dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nígbà ìsinmi. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti nawọ́.

Ìyá Gbóyèga, tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ nígbà náà, ni wọ́n ní kó ràn mí lọ́wọ́. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, gbogbo orin tí mo mọ̀ láyé mi ni mo kọ fún àwọn ọmọ yẹn. Oòrùn ò tíì rí ojú ọ̀run nínú ọyẹ́ tí orin fi tán. Wọ́n ń wò mí, mò ń wò wọ́n. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwọn yòókù sì gbè é.

Ìyá Gbóyèga yọjú láti ilé ìdáná. "Rálíátù, o ti jẹ ẹran tán kí o tó bu òkèlè."

Ó kó wa lọ sẹ́yìn ọgbà, níbi tí wọ́n ti bẹ́ ọkà bàbà tán, ó ní kí kálukú wọn fa pòròpórò kan wálé. Igi ọkà tó ti gbẹ ni pòròpórò. Èèpo rẹ̀ le, inú rẹ̀ sì fúyẹ́ bí òwú. A máa ń bó èèpo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, a ó gé inú rẹ̀ kéékèèké, a ó wá fi èèpo gún inú pọ̀. Ẹ lè fi ṣe mọ́tò, ẹ lè fi ṣe màlúù oníwo, ẹ lè fi ṣe awò ojú. Ẹkún dá. Títí tí a fi jẹun ọ̀sán, kò sẹ́ni tó rántí ìyá rẹ̀.

Ìyá Gbóyèga wí fún mi pé, "Ọmọdé ò fẹ́ kó o máa dá òun lára yá. Ó fẹ́ kó o fún òun níṣẹ́ ṣe." Ó ti di olóògbé báyìí. Kò sí ìsinmi ọyẹ́ tí mi ò kí i lọ́kàn mi.

Kì í ṣe gbogbo òbí ló gbà fún wa. Bàbá kan tó ń ra kaṣú lọ́wọ́ àgbẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ wá, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó ṣeré o. Ìwé ni kó máa kà." Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó ti mọ́sálásí dé pẹ̀lú jalabíà funfun, ó wá mú ọmọ. Ó bá mọ́tò pòròpórò kan nílẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ta ló fi táyà sí i báyìí?" Bó ṣe jókòó sórí ẹní nìyẹn. Ọmọ gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá, ó ń fa bàbá rẹ̀ láṣọ, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," bàbá ń dá a lóhùn pé ó ku táyà kan.

Háwáù ni kì í tètè lọ ní tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì ranlẹ̀ dáadáa nígbà tí ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ìyá àgbà rẹ̀, tó tẹ̀lé ọkọ lọ sí Àbíjàn. Ìyá àgbà ń dáko, ó sì tún ń tajà. Ó máa ń gbé ọmọ wá kí ẹnikẹ́ni tó dé, òun ló sì ń gbẹ̀yìn gbogbo èèyàn dé nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, èmi àti Háwáù la máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí a óò máa wo eruku pupa tó ń bo ojú ọ̀nà. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé,

"Àǹtí, ta ló ń bá yín jẹun nílé?"

"Ológbò."

Ó ronú sí i. "Ẹ ò ní ológbò."

Mo ní òótọ́ ni, n ò ní. Ó kàn sún mọ́ mi.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ dé wá mú nìyẹn. Mo mú Sákírá jáde síta kí àwọn ọmọ má baà rí omijé rẹ̀. Ìgbà tí a débẹ̀ ni mo rí i pé ìbínú ni.

"Ẹ̀yin lẹ gba ọmọ mi mọ́ mi lọ́wọ́."

"Mi ò gbà á, Sákírá. Wọ́n gbé e fún mi ni."

Ó fi etí àǹkárá rẹ̀ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé. Orúnkún ń dun ìyá rẹ̀, agbára ọmọ títọ́ ń kúrò lára màmá náà. Bàbá Háwáù ò sì fojú kan ọmọ náà mọ́ láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, ọkọ̀ Àbíjàn ń lọ, kò sì mọ ìgbà tí òun tún lè wá.

"Ṣé kí n gbé e jù sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹkún ni, mà? Látibí dé Àbíjàn?"

Mo ní kó padà wá lọ́la. Nígbà tí mo délé, n ò lè jẹun. Mo mọ̀ pé bí mo bá kàn jókòó jẹ́ẹ́, tí mi ò ṣe nǹkan kan, Háwáù ò ní lọ. Ọdún mìíràn á tún kọjá, a óò jọ máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Èrò yẹn jókòó tì mí títí mo fi sùn. Nígbà tí mo kírun àárọ̀ tán, mo dìde lórí ẹní ìkírun, mo sì lọ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún.

Mo sọ fún Sákírá pé, "Fi ọmọláńgidi yẹn sílé. Má pè é, má bẹ̀ ẹ́, má fún un ní nǹkan. Wá jókòó kó o máa bó pòròpórò."

"Mo ti Àbíjàn wá bó pòròpórò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó jókòó. Ọmọ Ṣakí ni, ó ti ṣe é rí ní kékeré, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti gbàgbé. Èèpo ya á níka, ó pariwo. Láti abẹ́ tábìlì la gbọ́ ohùn kan:

"Wọn kì í ṣe é báyẹn."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Ẹ bi Àǹtí."

Mo ní ọwọ́ mi dí, kó kọ́ ọ. Háwáù rá jáde. Kò sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ láti òkèèrè fi hàn án. "Ẹ mú un báyìí, Àǹtí Àbíjàn." Mo rí bí orúkọ yẹn ṣe wọ Sákírá lára. Ó gbé e mì. Ó ní, "Ẹ ṣé, olùkọ́ mi." Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ ọmọdé tó àgbàlagbà tí kò mọ nǹkan.

Kò yára. Ọjọ́ kan á dára, ìkejì á bàjẹ́. Sákírá ò lè mú sùúrù, ó tún kó bisikíìtì wá. Háwáù gbà á, ó sì gbé e wọ abẹ́ tábìlì lọ jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn méjèèjì jọ ń fi pòròpórò kọ́lé. Ìyá ń sọ bí ilé wọn ṣe rí ní Àbíjàn, yàrá báyìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí.

"Ṣé ọyẹ́ wà níbẹ̀?"

"Ó wà, ṣùgbọ́n kì í pọ̀."

"Ṣé Àǹtí wà níbẹ̀?"

Sákírá wò mí. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà tí mò ń ṣà.

Ọjọ́ yẹn kan náà, nígbà tí àwọn ọmọ ń sùn, mo bi í bóyá ó mọ ará Ṣakí kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Múfútáù, tó ga, tó ní ilà lójú. Ó ní, "Àbíjàn tóbi, mà." Ó tètè dáhùn jù, ó sì bojú wolẹ̀. Mi ò tún bi í mọ́.

Èmi ni mo máa ń pọn Háwáù bí oorun ọ̀sán bá ń kùn ún. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe sùn lọ, mo tú ọ̀já, mo sì rọra gbé e sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò jí. Sákírá so ọ̀já, ó dúró síbẹ̀ láìmira, àfi bí ẹni tó ru omi kún orí. Mo jáde síta. Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ sí mi lẹ́yìn níbi tí ara ọmọ náà ti móoru mọ́, mo sì mọ bí ẹ̀yìn mi ṣe fẹ̀ tó.

Nígbà tí ìsinmi ń lọ sópin, àwọn ọmọ ń ṣe bojúbojú nínú ọgbà. Háwáù kọsẹ̀, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Ó dìde, ó ń sunkún bọ̀ wá bá mi. Mo gbé garawa omi dání. Ìyá rẹ̀ wà lápá kejì, ó ti nawọ́, kò sì pè é. Ọmọ náà dé iwájú mi, ó gbójú sókè. Mo lè gbé garawa yẹn kalẹ̀. Mi ò gbé e kalẹ̀. Mo ní, "Ọwọ́ mi ò sófo, Háwáù." Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó wá yí padà, ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀, ó sì ki orí bọ̀ ọ́ láyà. Mo gbé omi náà lọ sílé ìdáná. Ibẹ̀ ni mo ti gbé e kalẹ̀.

Wọ́n lọ ní kùtùkùtù, ọyẹ́ bo gbogbo gáréèjì. Ìyá àgbà ń gbàdúrà, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún. Orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni Háwáù wà, ó ń ka àwọn ẹrù tí wọ́n ń dì sórí ọkọ̀. Kò sunkún. Ó juwọ́ sí mi bó ṣe máa ń juwọ́ bí ilẹ̀ bá ṣú, bí ẹni tí yóò dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ ò tíì rìn jìnnà tí eruku fi gbé e mì.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ mìíràn ti kún yàrá, Sákírá pè mí lórí fóònù láti kí mi. Mò ń gbọ́ ariwo ilé wọn lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tí Háwáù bèèrè pé, "Màmá, ta ni?"

"Àǹtí Ráli ni. Àǹtí Ráli ti Ṣakí. O ò rántí?"

Mo gbọ́ tí ọmọ náà sáré lọ.

Ojú ti Sákírá. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n pè é padà."

Mo ní, "Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó máa ṣeré rẹ̀ lọ."

Inú mi dùn, ó sì dùn mí. "Màmá" ló pè é, bí ẹni tí kò pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i lẹ́nu. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, bí a bá ṣe é dáadáa, bó ṣe ń rí nìyẹn. Mo fi fóònù sápò, mo sì padà sórí ẹní lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀.